Ẹ má sanwó owú tí ẹ kò tíì fi òòlù kàn: ohun tí ojú mi rí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń wá owú tòkúnbọ̀ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró ná. Owú tí mò ń sọ yìí, ti ìsàlẹ̀ ni o, áńfìlì, èyí tí irin pípọ́n máa ń jókòó lé kí òòlù tó bà á. Wọ́n ti gba ₦385,000 lọ́wọ́ mi. Mo tún san ₦18,000 fún àwọn tó gbé e wá láti Èkó. Ẹ bá mi ro ó pọ̀, èmi ò fẹ́ rò ó mọ́.

Kì í ṣe owó ló ń dùn mí jù. Irọ́ ni mo pa, owó náà ń dùn mí. Àmọ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí. Bàbá tó bí bàbá mi, ilé arọ ló ti jẹun títí ó fi kú. Oríkì wa gan-an, Ògún ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n wá ta ayédèrú irin fún irú èmi yìí, kí n má sì mọ̀! Àbúrò mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ Àìkú, ó ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín títí di òní.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo ti gbé mọ́tò kúrò nínú gáréèjì ilé wa, mo fẹ́ ṣe ìléru kékeré síbẹ̀, kí n máa rọ ọ̀bẹ àti nǹkan wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Díróòmù bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi ṣe ojú iná. Mo ki páìpù bọ abẹ́ rẹ̀, mo so fáànù kékeré mọ́ ọn dípò ẹwìrì. Èédú ò wọ́n wa ní Ìbàdàn. Gbogbo rẹ̀ kò ná mi tó ₦60,000. Owú nìkan ló kù.

Ni mo bá rí fọ́tò kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, fọ́tò yẹn dára. Owú ńlá, ìwo rẹ̀ yọ ṣọnṣọ síwájú, ojú rẹ̀ ń dán, wọ́n sì tẹ nọ́ḿbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: 1, 2, 10. Mo ní kí ni nọ́ḿbà yìí ń sọ? Ọkùnrin tó ń tà á fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, kílò 120 ni. Láti ìlú Ọba ló ti wá." Ẹ̀gbọ́n! Iye ìgbà tó pè mí ní ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ yẹn, àbúrò tí a jọ bí ò pè mí tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún. Mo ní ṣé irin líle ni, àbí kásìtì, irin yíyọ́ tó máa ń tètè kán? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí Ògún bínú sí mi bí mo bá purọ́ fún yín."

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti tán nínú mi. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá ti dá orúkọ Ògún lórí ọ̀rọ̀ irin, ọ̀rọ̀ parí. Ní kóòtù pàápàá, ẹni tí kò bá fẹ́ di Bíbélì tàbí Kùránì mú, irin ni wọ́n ń gbé fún un kó fi búra. Àṣé ẹnu lásán ni ti àwọn kan.

₦450,000 ló kọ́kọ́ pè é. A ná an títí. Nígbà tó gbà, inú mi ń dùn, mo tiẹ̀ ń sọ fún ara mi pé mo rà á pọ̀ọ́kú. Ó ní kí n san gbogbo owó kó tó gbé e sínú ọkọ̀, nítorí ẹnì kan ní Abẹ́òkúta ti fẹ́ sanwó. Mo ṣe tiránsífà. Báńkì ò gbà á lẹ́ẹ̀kíní, mo tún un tẹ̀. Ẹ wò ó, báńkì gan-an fẹ́ gbà mí sílẹ̀! Èmi ni mi ò gbọ́.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ wò ó ní Èkó. Mo níṣẹ́. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ni mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nínú òkùnkùn, epo mọ́tò náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ ka iye bàtà tóun fúnra rẹ̀ ti rà lórí fóònù. Ó dáa, mo gbà. Kò yẹ kí n sanwó. Mo mọ̀. Ẹ má tún un sọ.

Ọjọ́ kẹrin ló dé. Ọmọ páàkì méjì ló gbé e sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì ń ṣeré lọ, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Kílò 120! Mo gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá tó ń ta oúnjẹ adìẹ ní òpópónà wa. Kílò 47. Mo ní kí wọ́n tún un wọ̀n. Kílò 47. Kò sí nọ́ḿbà kankan lára rẹ̀. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n kùn ún, ó ki. Mo fi èékánná ha abẹ́ ìwo, ni pútì bá yọ, pútì tí àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe máa ń lò, ó ń bu wẹ́wẹ́ bí ẹfun. Pútì, lára owú!

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀ mi, mo ní kí n ṣáà dán an wò. Mo ti ọ̀pá irin kan bọná títí ó fi pọ́n, mo fi ẹ̀mú mú un, mo gbé e lé e, mo lù ú. Bí owú ṣe ń dún ní ilé arọ bàbá àgbà, "kọ̀ọ̀ǹ" ni, èèyàn á gbọ́ ọ dé ìkẹyìn agbolé. Èyí ń dún "gbì", bí ẹni ń lu àpò sìmẹ́ǹtì. Òòlù kò ta padà rárá, èjìká mi ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Ibi tí òòlù bá sì ti kàn lójú rẹ̀, ó ń jìn sínú. Mi ò tíì lù ú tó ogún ìgbà tí òòlù yẹ̀, tó bá ìwo. Ìwo kán. Ó kán pátápátá, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo gbé e, mo wo ojú ibi tó ti kán: ó rí bí eérú, ó ṣe hóró-hóró bíi ṣúgà, ihò kéékèèké sì wà nínú rẹ̀. Kásìtì. Irin tí wọ́n fi ń ṣe bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì. Ó dára fún ẹ́ńjìnnì, kì í fara da òòlù.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì. Ó wo ìwo tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ máa jẹun?" Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Mo pe ọkùnrin náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbé e. Mo ní owú rẹ ti kán o. Ẹ mọ ohun tó sọ? "Ṣé ẹ lù ú ni?" Ṣé mo lu owú! Kí ni wọ́n ń fi owú ṣe ní ilé wọn, ṣé ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ lórí rẹ̀ ni? Láti ìgbà náà, ó ti dí nọ́ḿbà mi pa.

Ẹ lè ní mo ń tẹnu mọ́ ọn jù. Alágbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni nọ́ḿbà yẹn. Àwọn nọ́ḿbà mẹ́ta tí wọ́n ń tẹ̀ sára owú àtijọ́ ti ìlú Ọba, kì í ṣe kílò. Èkíní ń ka 112 pọ́ùn, èkejì ń ka 28 pọ́ùn, ìkẹta ni pọ́ùn tó ṣẹ́kù. 1, 2, 10 já sí 112 àti 56 àti 10: 178 pọ́ùn, bíi kílò 81. Ti àárín kì í kọjá 3, ti ìkẹyìn kì í kọjá 27. Ọkùnrin náà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fọ́tò owú olówú ló jí, ó wá fi nọ́ḿbà tí kò yé e purọ́ fún mi, èmi tí kò yé náà sì gbà á. Afọ́jú méjì, ọ̀kan ló ru owó lọ.

Mi ò gba ọlọ́jà kankan gbọ́ mọ́. Ẹni tó ta bíríkì "tó ń gbaná" fún mi, bíríkì ìkọ́lé lásán ni. Ọ̀kan bẹ́ pàù nínú iná, èérún rẹ̀ lọ bá ògiri. Ìyá eléèdú tí mo ti ń rà lọ́wọ́ wọn láti ọdún mẹ́ta, mo da àpò wọn sílẹ̀ lánàá kí n tó sanwó, mo ń wá iyanrìn nísàlẹ̀. Wọ́n kàn ń wò mí. Ẹ máa bínú, ìyá. Àmọ́ ọlọ́jà ni ẹ̀yin náà.

Ẹ̀yin tó ṣì fẹ́ rà: ẹ lọ fúnra yín. Ẹ mú bọ́ọ̀lù béárínnì dání, ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti sẹ̀ǹtímítà 25. Lórí owú gidi, á ta padà tó 17 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí kásìtì kò ní dé ìdajì. Ẹ fi fáìlì ha ojú rẹ̀. Tó bá ń jẹ ẹ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, ẹ máa lọ ilé. Ẹ má san kọ́bọ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra irin ojú ọ̀nà réluwé, ó ṣeé lò lóòótọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n jí tú, ọlọ́pàá á kó ẹ̀yin náà. Ẹ má ki páìpù tí wọ́n fi síǹkì bọ̀ lára sínú iná, èéfín rẹ̀ ń fa ibà. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ gbayawu, nítorí afẹ́fẹ́ èédú tí kò ní òórùn ló ń pani.

Ẹ ò tiẹ̀ nílò ìwo! Owú bàbá àgbà ò ní ìwo rí, irin ṣùkù kan ni, wọ́n rì í mọ́ ilẹ̀. Irú àwọn ṣùkù irin bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Owódé Onírin, ọjà irin ní Èkó, ẹ ó fojú rí i, ẹ ó sì fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sanwó. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, ti òyìnbó ni mo ń wá.

Mi ò kọ orúkọ tó ń jẹ́, nítorí ó ti yí i padà. Fọ́tò yẹn ni kí ẹ ṣọ́. Owú wà lórí táìsì pupa tó sán ní igun kan, sálúbàtà aláwọ̀ ewé kan sì yọ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ apá òsì. Tí ẹ bá rí i níbikíbi, iye yòówù tí wọn ì báà pè é, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.