Irà Bigodi ní Uganda: ẹ má tìtorí ìnàkí lọ síbẹ̀

Bí ẹ bá ti dé Fort Portal ní ìwọ̀-oòrùn Uganda, ìnàkí (chimpanzee) inú igbó Kibale ni gbogbo onímọ́tò yóò fẹ́ gbé yín lọ wò. Owó rẹ̀ ga, mi ò bá wọn jà sí i. Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kò jìnnà sí igbó náà, owó tí wọ́n sì ń gbà níbẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ìnàkí. Irà Magombe ni, ní abúlé Bigodi, lójú ọ̀nà tó lọ sí Kamwenge. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń bójú tó o. Bigodi Wetland Sanctuary ni àwọn àlejò mọ̀ ọ́n sí.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣètò ìrìn-àjò mi (mi ò ní dárúkọ wọn) kó irà yìí mọ́ owó ìnàkí bí ẹni tó ń bu ènì fún oníbàárà. Wọ́n ní ìnàkí pọ̀ níbẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú nígbà tí mo débẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ìnàkí ń ṣèèṣì yà wọ ibẹ̀ láti inú igbó. Ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ sanwó yóò kàn fajúro títí ìrìn yóò fi parí ni, kò sì ní rí ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Oríṣi ọ̀bọ 8 ni wọ́n máa ń kà fúnni ní irà yìí àti etí rẹ̀. Ẹ kò ní rí gbogbo wọn lọ́jọ́ kan, èmi náà ò rí wọn tán. Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni ẹdun pupa, ọ̀bọ tí òyìnbó ń pè ní red colobus. Àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ ipò tí ẹranko àti ewéko wà lágbàáyé, kà á mọ́ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu àkúrun, Kibale àti agbègbè rẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́ kù láyé ń gbé. Ewé ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an, kì í sì í dá rìn. Ọ̀wọ́ ńlá ni wọ́n ń rìn, ẹ ó ti máa gbọ́ bí ẹ̀ka ṣe ń mì wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ kí ẹ tó rí ojú ẹyọ kan. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò ju kókó kékeré lọ, síbẹ̀ ó ń fò láti orí igi dé orí igi bó ṣe wù ú. Ẹdun dúdú-òun-funfun náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú irun funfun tó gùn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Mo dúró ti ìyẹn pẹ́. Àwa tí à ń ki ìbejì ní ẹdunjọbí, mélòó nínú wa ló ti fojú rí ẹdun lórí igi rí? Fún ọ̀pọ̀ wa, inú oríkì nìkan ló wà.

Ti ẹyẹ ńkọ́? Irú rẹ̀ tí wọ́n ti rí níbẹ̀ lé ní 200. Mi ò mọ ẹyẹ púpọ̀, ṣùgbọ́n agbe kò ṣeé ṣì mọ̀. Agbe tibẹ̀ ni ó tóbi jù nínú gbogbo ìdílé agbe, gígùn rẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà 70. Aró ni gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ yẹ́lò, ó wá fi pupa parí rẹ̀ ní ṣóńṣó. Lóòótọ́ ni kì í ráhùn aró! Kò mọ̀ ọ́n fò dáadáa, kó máa sáré lórí ẹ̀ka ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìyẹn ló fi rọrùn láti wò ó pẹ́.

Mo bi afinimọ̀nà wa léèrè ìdí tí wọn kò fi tíì gbẹ́ irà náà kí wọ́n fi dáko, nítorí oko ló yí i ká lóòótọ́. Òfin ìpìlẹ̀ Uganda ti 1995 ti fi irà sí ìkáwọ́ ìjọba, kí ìjọba máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ etí irà, olóko ló ni ín, ọ̀bọ kò sì mọ ààlà. Yóò jáde nínú irà, yóò wọ oko àgbàdo, yóò jẹ ẹ́, yóò sì padà. Erin náà ń jáde wá láti Kibale. Àgbẹ̀ tí wọ́n ba oko rẹ̀ jẹ́ lánàá, kí ni yóò mú un fẹ́ràn ẹranko lónìí? Òfin nìkan kò lè mú un.

Ibi tí KAFRED, ẹgbẹ́ ará abúlé tó ń bójú tó irà náà, ti wọlé nìyẹn. Àwọn ará Bigodi ló dá a sílẹ̀ ní 1992, ọdún kan ṣáájú kí ìjọba tó sọ Kibale di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè. Owó tí àlejò ń san níbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní abúlé. Àwọn obìnrin ń hun ẹní àti apẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń tà á fún àwa tó wá wòran. Afinimọ̀nà tó mú wa lọ, ọmọ ibẹ̀ ni, ó mọ igi tí ọ̀wọ́ ẹdun sùn sí lóru àná. Ó tún mọ ẹni tó ni oko tí a là kọjá, ó sì kí i. Mi ò rí irú èyí nínú ọgbà ìjọba rí. Àwọn kan lè sọ pé oko àti ohùn ọkọ̀ ojú ọ̀nà kò jẹ́ kí ibẹ̀ dà bí igbó gidi. Ní tèmi, oko yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ náà: ẹ ó rí ẹni tó ń faramọ́ ẹranko àti ohun tó ń ná an.

Ìrìn náà tó kìlómítà 4 sí 5, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, torí dídúró pọ̀ ju rírìn lọ. Ibi tí omi ti jinlẹ̀ láàárín koríko papyrus, orí pákó ni wọ́n ń gbà, pákó sì máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Oṣù Kẹta sí Karùn-ún àti Oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá ni òjò pọ̀ jù. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ má wọ bàtà funfun. Ẹ mú awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn dání, nítorí orí igi gíga ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ wá wò wà. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó sọ fún afinimọ̀nà kí wọ́n tó gbéra. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ẹranko jókòó kó ya fọ́tò rẹ̀, kó lọ sí ọgbà tí wọ́n ti há ẹranko mọ́.

Òwúrọ̀ ló dára jù fún ẹyẹ. Bí àyè bá gbà yín, ẹ sun abúlé mọ́jú ọjọ́ náà, kí ẹ sì san owó yín ní ọ́fíìsì KAFRED ní Bigodi fúnra yín. Ẹ má fún alágbàtà.