Láísẹ́ńsì tí kò sí ẹni tí mo lè bẹ̀ nítorí rẹ̀: ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ DVLA

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wakọ̀ n'Íbàdàn kí n tó wá sí Ìlú Ọba. Mo wà á láti Mọ́kọ́lá dé Challenge nínú òjò, mo wà á gba Ọjà Ọba kọjá lọ́jọ́ tí ọjà kún dójú títì. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Sheffield ní kí n lọ wá láísẹ́ńsì, mo ní kí ló le níbẹ̀.

Oṣù méjìlá péré ni òfin wọn fún wa láti fi láísẹ́ńsì Nàìjíríà wakọ̀, láti ọjọ́ téèyàn bá ti fìdí kalẹ̀ síbí. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí wọ́n lè pààrọ̀ tiwọn láìṣe ìdánwò. South Africa wà níbẹ̀, Zimbabwe wà níbẹ̀, àwọn ará Japan náà wà níbẹ̀. Àwa kò sí. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lo ti máa bẹ̀rẹ̀, ìwọ àti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ kí n kúkú sọ òótọ́ tó kù: nílé, ẹnì kan ló bá mi sáré tèmi. Fótò nìkan ni mo lọ yà.

DVLA, ìyẹn àjọ ìjọba kan, ló ń rí sí láísẹ́ńsì àti ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, Swansea nílẹ̀ Wales sì ni olú ilé-iṣẹ́ wọn. Ìdánwò ìwakọ̀ kì í ṣe tiwọn, àjọ mìíràn tó ń jẹ́ DVSA ló ni ín. Láísẹ́ńsì akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ £34 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, £43 béèyàn bá fi póòsì ránṣẹ́. Èmi san £79. Ohun àkọ́kọ́ tí Google gbé síwájú mi ni mo tẹ̀, ojúlé wẹ́ẹ̀bù kan báyìí tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ìjọba, tí wọ́n ní àwọn á bá mi kún fọ́ọ̀mù. Àṣé agbèrò ni! Agbèrò tí mo rò pé mo fi sílẹ̀ nílé ti wọ ọkọ̀ òfuurufú ṣáájú mi. Ẹ wo àdírẹ́sì náà dáadáa kí ẹ tó mú káàdì báńkì jáde. Bí kò bá ti sí gov.uk níbẹ̀, ẹ jáde.

Káàdì aláwọ̀ ewé náà dé lọ́jọ́ kẹfà, mo sì jókòó tì í bí ẹni tí ń ka lẹ́tà ìfẹ́. Lẹ́tà márùn-ún àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà awakọ̀, nítorí náà Adéyẹmí àti Adéyẹyè, ADEYE kan náà ni wọ́n. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá gùn tó, 9 ni wọ́n fi ń dí i: Òjó á di OJO99. Ibi tí wọ́n kọ oṣù ìbí mi sí nínú rẹ̀ ló já mi láyà. Oṣù 12 ni wọ́n bí mi, 62 ni wọ́n kọ. Mo ti ń wá nọ́ńbà fóònù wọn kiri kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àǹtí, obìnrin ni yín ni.” Wọ́n máa ń fi 5 kún nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú oṣù ìbí obìnrin, bí 1 ṣe di 6 nìyẹn.

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà jẹ́ £23. Ìbéèrè 50, o gbọ́dọ̀ gba 43. Fídíò 14 tí o ti máa tọ́ka sí ewu, o gbọ́dọ̀ gba 44 nínú 75. Ìbéèrè kò dẹ́rù bà mí. Fídíò ló fẹ́ jẹ́ kí n ṣubú, torí ọmọ Ìbàdàn ń rí ewu nínú ohun gbogbo, bẹ́ẹ̀ bí o bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, òdo ni wọ́n á fún ọ fún fídíò yẹn. Wọ́n ní mo lè fi èdè Welsh ṣe é bí mo bá fẹ́. Àwọn tó ń sọ èdè yẹn ní Wales kò tó mílíọ̀nù kan o! Mo wo bọ́tìnì yẹn fún ìgbà díẹ̀, mo rántí tiwa, mo sì tẹ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdánwò ojú títì jẹ́ £62 láàárín ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà Covid ni ìlà ibẹ̀ ti gùn, àwọn kan sì ń fi ẹ̀rọ kó àyè pamọ́ láti fi tún un tà lówó gọbọi. Ẹ má rà á lọ́wọ́ wọn.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo fìdí rẹmi. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa títí a fi yà sí ọ̀tún sí àdúgbò kan tó dá páropáro. Kò sí ọkọ̀ kankan níwájú tí mo lè wò ṣe àwòkọ́ṣe, ọwọ́ mi bá gbé mi lọ sí apá ọ̀tún títì, bíi pé mo wà ní Bódìjà. Ọkùnrin tó ń dán mi wò ló tẹ bíréèkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, sà” ti dé ètè mi, ní Yorùbá. Ó rọra fi ohun tó kọ hàn mí, ó kí mi, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ọ̀gá rẹ̀ tí mo lè wá lọ.

Mo pe bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Apá òsì ni wọ́n ti kọ́ ọkọ̀ ní tiwọn, kí Nàìjíríà tó bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. “Àbẹ̀kẹ́, ibi tí àwa ti kúrò lo ń padà lọ yẹn.” Wọ́n ní ọ̀gá àwọn so àkísà pupa mọ́ àwọn lọ́wọ́ ọ̀tún nígbà náà, pé ọwọ́ yẹn ni kó máa súnmọ́ etí títì. Mo fi rọ́bà irun pupa sọ́wọ́ òsì lọ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo yege.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gan-an ló jẹ́ kí n fún DVLA ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Lórí gov.uk, nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan lo máa tẹ̀, gbogbo MOT tó ti ṣe, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ ṣeé wà, á jáde, ọ̀fẹ́. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ rà, 61,000 máìlì ló wà lójú rẹ̀. Àyẹ̀wò ọdún tó ṣáájú ní 94,000. Mo fi han ẹni tó ń tà á. Ó ní kọ̀ǹpútà ló ṣe àṣìṣe.

Nígbà tí mo rà òmíràn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá pátíkúlà nínú píjìnhóòlù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bébà kékeré aláwọ̀ ewé tí wọ́n ya lára V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, ni mo gbà, nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ ni mo fi san owó-orí ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, torí owó tí ẹni tó tà á ti san kì í bá ọkọ̀ lọ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2014, wọn kì í lẹ ìwé ẹ̀rí owó-orí mọ́ gíláàsì iwájú mọ́; kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà. V5C fúnra rẹ̀ dé lẹ́yìn náà, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ gbàǹgbà pé kì í ṣe ẹ̀rí pé ìwọ lo ni ọkọ̀. Ẹni tó ń mójú tó o ni wọ́n mọ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín o.

Bí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ sọ fún wọn nípa láísẹ́ńsì, kí ẹ sì tún sọ nípa V5C lọ́tọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dákẹ́, ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000. Èmi ti kó lẹ́ẹ̀kan. Káàdì tuntun ti dé, 62 ṣì wà lórí rẹ̀.