Oníjàlá tí mo pè wá bá àwọn ọmọ kíláàsì mi

₦30,000 ni mo san fún oníjàlá yìí àti onílù àgẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí a ti ná an wálẹ̀ láti ₦45,000. Owó àpò ara mi ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n.

Lítíréṣọ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 nílé-ìwé girama kan n'Íbàdàn níbí. A ti dé orí ewì tó ń gbé ẹ̀wù akọni wọ nǹkan kékeré. Mo ṣàlàyé The Rape of the Lock, ewì Alexander Pope, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí ẹnu fi ń ro mí: ọkùnrin kan gé lára irun ọmọge kan láìgbàṣẹ, ìdílé méjèèjì wá ń bínú síra wọn. Pope mú ọ̀rọ̀ náà, ó kọ ọ́ ní orí méjì ní 1712, ó sì sọ ọ́ di orí márùn-ún ní 1714. Mo ka ibi tí Belinda, ọmọge náà, ti jókòó níwájú dígí, tó ń ṣe ara lóge bí ìgbà tí jagunjagun ń di ìhámọ́ra. Àwọn ọmọ ń wò mí ṣáá ni. Wọn ò tíì gbọ́ ewì akọni gidi rí, kí ni wọ́n máa fi mọ̀ pé ẹnì kan ń sín in jẹ?

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá oníjàlá nìyẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́kọ́ sun ìjálá ẹfọ̀n fún wọn, bí ẹ ṣe ń sun ún níbi ọdún Ògún. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá sun ún fún ẹ̀fọn." Wọ́n dákẹ́ lórí fóònù. "Àǹtí Tíṣà, ẹ̀fọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ fún mi ní ọjọ́ méje."

Wọ́n pẹ́ dé. Aago mẹ́wàá la jọ fi àdéhùn sí, àmọ́ aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ni maikírà já wọn sẹ́nu géètì. Ó dùn mí, torí píríọ́dù méjì péré ni mo rí gbà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá bọ́ síwájú, tí wọ́n júbà Ògún, tí wọ́n júbà àwọn ọdẹ tó ti lọ, kíláàsì pa lọ́lọ́. Wọ́n sun ti ẹfọ̀n: ìwo rẹ̀, ìbínú rẹ̀, bí ọdẹ ṣe ń sọ ìbọn nù gun igi. Onílù ń fi àgẹ̀rẹ̀ pe orúkọ ẹranko náà, re-dò, re-dò.

Àfi bí onílù ṣe yí i padà: dò-re. Ohùn Bàbá ò yí, ojú wọn le koko bíi ti àkọ́kọ́. Wọ́n tún júbà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n wá ní:

Ẹ̀fọn, akọni tí í wọlé láìkan ilẹ̀kùn,
Abìyẹ́ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà,
Ajagun-má-gbé-idà, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló mú ròde ogun.
Ó ké lẹ́ẹ̀kan, baálé ilé ta jí.
Ọwọ́ ọ̀tá rẹ̀ ní í gbá ọ̀tá rẹ̀ létí.
Ọdẹ tó pa ẹfọ̀n lóko tó délé,
Ó kó sínú àwọ̀n nítorí ẹ̀fọn.

Ariwo ta. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn nàwọ́, ó ní, "Mà, ìhámọ́ra Belinda nìyẹn!" Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń wá gbólóhùn yẹn lẹ́nu wọn.

Ìlà karùn-ún yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Akọni tó lè mú ọ̀tá fọwọ́ ara rẹ̀ na ara rẹ̀, oríkì wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ? Kò sì sí irọ́ níbẹ̀, ohun tí ẹ̀fọn ń fi ojú wa rí ní gbogbo òru ni. Ẹni tó mọ ti ẹfọ̀n dénú nìkan ló lè kọ ọ́. Pope náà, ọdún 1715 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Iliad, ewì akọni ti Homer ará Gíríìsì àtijọ́, jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di 1720 kó tó parí rẹ̀. Ó ti fẹ́ràn ohun tó ń sín jẹ.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ìjálá kẹta, tí Bàbá fúnra wọn fi kún un, lórí àwọn olóṣèlú. Kò sí ìbà, kò sí oríkì ìdílé, kò sí ìrìn-àjò kankan, èébú ni látòkèdélẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sínú ìwé. Mo sọ fún Bàbá nígbà tí mo ń sìn wọ́n jáde. Wọ́n ní, "Òótọ́ ni, Àǹtí. Inú ló bí mi."

Ọmọ kan tó fẹ́ràn Bayọ́lọ́jì bi mí bóyá àwọn òyìnbó náà kọrin fún ẹ̀fọn rí. Mo sọ ti Culex fún un, ewì èdè Látìn tí wọ́n ń fi sórúkọ Virgil, akéwì Róòmù, látijọ́: kòkòrò ta olùṣọ́-àgùntàn jí kí ejò má bàa bù ú jẹ, olùṣọ́-àgùntàn pa kòkòrò, òkú kòkòrò wá bá a lójú oorun, ó ń ròyìn ọ̀run fún un, títí olùṣọ́-àgùntàn fi mọ ibojì fún un. Ọmọ náà ní orúkọ ẹ̀yà ẹ̀fọn kan ni Culex nínú ìwé òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Mo ti san àsansílẹ̀ fún tọ́ọ̀mù tó ń bọ̀. Tí ẹ bá máa pè wọ́n, ẹ sọ fún wọn pé aago mẹ́sàn-án ni, bó bá tilẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá lẹ fẹ́. Ẹ má sì háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohùn Bàbá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì.