Founders Online: lẹ́tà gómìnà tí mo fowó rà, àti èyí tí mo kà lọ́fẹ̀ẹ́

Dọ́là 34 ni mo ti san kí n tó mọ̀ pé ọ̀fẹ́ wà. Ìwé lẹ́tà àwọn gómìnà Virginia àtijọ́ ni mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, apá kejì, ti Thomas Jefferson. Virginia State Library ló tẹ ojúlówó rẹ̀ jáde ní Richmond lọ́dún 1928. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, ẹnì kan kàn ya fọ́tò ojú ìwé náà ni, ó wá dì í pọ̀. Ojú ìwé kan wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, òmíràn pá létí. Lórí ọ̀kan, àtàǹpàkò ẹni tó yà á hàn gbangba, ó bo ìdajì ìlà mẹ́ta. Atọ́ka tó yẹ kó wà lẹ́yìn ìwé kò sí. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó ní bí ìwé àtijọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn. Irọ́ ni. Ìwé àtijọ́ kì í ní àtàǹpàkò.

Founders Online ló gbà mí. National Archives ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà àti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Virginia ló jọ ṣe ìkànnì náà, láti 2013 ló sì ti ṣí. Lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ tó lé ní 180,000 ló wà níbẹ̀, èyí tí méje nínú àwọn tó dá Amẹ́ríkà sílẹ̀, Washington, Franklin, Adams, Jefferson, Hamilton, Madison àti Jay, kọ, àti èyí tí wọ́n kọ sí wọn. Nínú wọn, Jefferson ṣe gómìnà Virginia láti 1779 dé 1781, Jay náà ṣe ti New York láti 1795 dé 1801.

Akọ̀wé ọ́fíìsì ni mí. Ọdún 21 ni mo fi tẹ lẹ́tà fún ọ̀gá tí mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì, nítorí náà ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni ojú mi kọ́kọ́ lọ. Lábẹ́ lẹ́tà Jefferson, ẹ óò rí àmì bíi RC, FC, Dft. RC ni èyí tó dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, FC ni ẹ̀dà tó wà nínú fáìlì, Dft sì ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n tún máa ń sọ bóyá Jefferson fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ tàbí akọ̀wé rẹ̀. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Àwa tí a kì í dárúkọ wa, ẹnì kan rántí wo irú ọwọ́ tí a fi kọ̀wé!

Ẹ mú oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1781, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun òmìnira. Ẹ fi Jefferson sí ibi orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà, kí ẹ wá fi ọjọ́ há a mọ́ àárín December 31, 1780 àti January 12. Ìròyìn dé sí i ní December 31 yẹn pé wọ́n rí ọkọ̀ ojú omi. Títí di January 2, kò tíì pe àwọn ọmọ ogun ìlú jáde dáadáa. Ní January 5, Benedict Arnold, ọ̀gágun tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì, ti wọ Richmond, olú ìlú Virginia. Wọ́n ti kó ìwé ìjọba lọ sí Westham nítòsí ibẹ̀, ọ̀tá bá a níbẹ̀, púpọ̀ sì jóná. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, nítorí fáìlì ni iṣẹ́ mi. Ẹ̀dà tí wọ́n tọ́jú ló jóná. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Washington àti àwọn ọ̀gágun ló kù fún wa.

Ìwé tí mo rà, ọ̀rọ̀ gómìnà nìkan ló wà nínú rẹ̀, bí ẹni ń gbọ́ ìjà láti ẹ̀yìn ògiri. Lórí ìkànnì yìí, ẹ óò ka tẹni tó bú u náà. Steuben, ọ̀gágun Amẹ́ríkà ní Virginia, fẹ́ kí wọ́n kó òṣìṣẹ́ wá mọ odi sí Hood's, létí odò James. Ní February 12, 1781, Jefferson fèsì pé òfin ò fún ìjọba lágbára láti pe ẹni tó ní òmìnira síṣẹ́ ìlú bí kò bá gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò fún un lágbára láti pe ẹrú bí ọ̀gá ẹrú kò bá gbà.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Òmìnira ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jagun o! Ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ, àmọ́ nínú lẹ́tà yẹn, ìbéèrè ti ẹrú yà lọ sílé ọ̀gá rẹ̀. Ohùn lẹ́tà náà sì tutù bí ẹni ń kọ ìwé ìsinmi.

Gómìnà yẹn kò kúkú lágbára púpọ̀. Ilé aṣòfin ló ń yàn án lọ́dọọdún, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ ka èyí tó kọ sí Washington ní May 28, 1781, ẹ óò rí ẹni tó ti rẹ̀.

Ẹ má fi 'receive' nìkan wá nǹkan nínú lẹ́tà rẹ̀. 'Recieve' ló máa ń kọ, ìkànnì náà kò sì tún un ṣe. Èmi ì bá ti fi bírò pupa sí i.

Kì í ṣe gbogbo gómìnà lẹ óò bá níbẹ̀. Patrick Henry ni gómìnà àkọ́kọ́ ní Virginia, láti 1776, ṣùgbọ́n kò sí lára àwọn méje. Ní January 2, 1778, ó fún George Rogers Clark, ológun Virginia kan, ní àṣẹ méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ti gbangba ní kó dáàbò bo Kentucky, ti ìkọ̀kọ̀ ní kó lọ gba Kaskaskia, ìlú tó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, apá kìíní ìwé 1926 lẹ máa wá lọ. Trumbull ti Connecticut àti Clinton ti New York náà, ìgbà tí wọ́n bá bá àwọn méje yẹn kọ̀wé lẹ óò pàdé wọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ojú rí ọwọ́ ìkọ̀wé Jefferson, Library of Congress ní àwòrán rẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà.

Ìwé dọ́là 34 náà ṣì wúlò. Òun ni mo gbé kọ̀ǹpútà lé báyìí, kí ọrùn má baà máa ro mí.