Odò yìnyín Aletsch: ẹ gbé bàtà tiyín dání

Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ orí wáyà ní Bettmerhorn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wo ìsàlẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé nǹkan tó dọ̀tí yìí la torí ẹ̀ jí ní aago mẹ́rin ìdájí?"

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Odò yìnyín Aletsch ní Switzerland kò funfun bíi ti inú fọ́tò, pàápàá ní oṣù Kẹjọ tí a lọ. Àwọ̀ eérú ló ní, ìlà dúdú méjì sì gba àárín rẹ̀ lọ bí ipa táyà tírélà lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀. Òkúta ni ìlà yẹn. Láti ẹ̀gbẹ́ Jungfrau àti àwọn òkè tó yí i ká ni yìnyín ti ń wọ́ bọ̀ wálẹ̀. Bí ẹ̀ka méjì bá pàdé, òkúta tó ti já sí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á bọ́ sáàárín, yìnyín á sì máa gbé e lọ. Odò yìnyín náà gùn ju 20 kìlómítà lọ, kò sí èyí tó gùn tó o ní gbogbo òkè Alps. Níbi tí àwọn ẹ̀ka náà ti pàdé, yìnyín yìí nípọn tó 800 mítà. Ìgbà tí mo sọ èyí ni ẹ̀gbọ́n mi tó dákẹ́.

Àtidébẹ̀ kò le. Rélùwéè kan ń lọ tààrà láti pápákọ̀ òfurufú Geneva sí Brig. Ní Brig, ẹ wọ èyí tó kéré lọ sí Betten Talstation, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ orí wáyà ti ń gbéra lọ sí Bettmeralp. Mọ́tò kì í wọ abúlé yẹn, ẹsẹ̀ la fi là á já kí a tó wọ ọkọ̀ kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá wa gòkè ya fọ́tò tán, wọ́n yí padà. Lójú tèmi, owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn ti wọgbó, torí inú ìrìn gan-an ni adùn rẹ̀ wà.

Ọ̀nà Roti Chumma la gbà lọ sí adágún Märjelen, tí à ń tẹ̀ lé ọ̀dà funfun àti pupa tí wọ́n kùn sára òkúta. Oòrùn ń ta wá lórí, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń ti ojú yìnyín bọ̀ ń fẹ́ lu ojúgun wa bí ẹni ṣí fíríìjì. A jókòó, a bó ẹyin sísè tí a gbé dání (oúnjẹ orí òkè gbówó lórí). Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́, àfi omi tó ń hó lábẹ́ yìnyín tí a ò rí, àti "gbàà!" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Yìnyín ló ń sán. Ẹ má sọ̀kalẹ̀ lọ tẹ̀ ẹ́ láìsí afinimọ̀nà: àwọn ihò tó jìn ju kànga lọ wà lára rẹ̀, yìnyín fẹ́lẹ́ sì lè bo ẹnu wọn.

Nígbà kan rí, yìnyín ló sé omi adágún yìí mọ́lẹ̀. Tó bá ya, ó di ẹ̀kún omi ní àfonífojì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará abúlé Fiesch, tí wọ́n jẹ́ Àgùdà, fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní 1678 pé àwọn á máa gbàdúrà kí odò yìnyín má dàgbà mọ́. Àdúrà gbà, ó tún gbà jù. Yìnyín ń fà sẹ́yìn débi pé ní 2010, Póòpù gbà wọ́n láàyè láti yí àdúrà náà padà: kí yìnyín má tán ni wọ́n ń bẹ̀ báyìí. Kòtò omi kéékèèké la bá ní Märjelen.

Wákàtí tí wọ́n kọ sára pátákó ojú ọ̀nà kò ka ìsinmi mọ́ ọn o. Ẹni tó bá ń dúró mí bíi tiwa, kó fi ìdajì lé e.

Bàtà ló fìyà jẹ mí. Ṣọ́ọ̀bù kan ní ìsàlẹ̀ òkè ni mo ti yá a. Mo ní ó há, ẹni tó fún mi ní tí mo bá rìn díẹ̀, á là. Kò là. Nínú ihò abẹ́ òkè, tó gùn tó kìlómítà kan, tó já sí Fiescheralp, mo ti ń rìn bí ẹni tẹ ẹ̀gún. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpò mi kọ́ èjìká kejì, wọ́n ń pariwo pé ọkọ̀ orí wáyà tó kẹ́yìn fẹ́ lọ. A bá a. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi méjèèjì ṣì dúdú títí dòní.