Àyẹ̀wò ìkéde èsì ìdìbò káńsù Birmingham, 2022

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìkéde èsì ìdìbò 5 Oṣù Karùn-ún 2022 yìí dára, ó kún, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú èsì INEC kà á. Ìjókòó 101 ló wà nínú wọ́ọ̀dù 69: 37 ń yan ẹnì kan, 32 ń yan ẹni méjì. Ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ti ibẹ̀ mú ìjókòó 65, Conservative 22, Liberal Democrats 12, Green 2.

Wọ́ọ̀dù ẹlẹ́ni-méjì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Olùdìbò lè fi àmì X méjì sórí bébà kan, nítorí náà àròpọ̀ ìbò máa ń ju iye bébà lọ. Bí ẹ bá ń wá ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, iye bébà ni kẹ́ ẹ fi pín in, kì í ṣe àròpọ̀ ìbò.

Ohun tó wù wá jù ni pé òfin ní kí wọ́n kéde iye bébà tí wọ́n dà nù pẹ̀lú ìdí rẹ̀: kò ní àmì àṣẹ, wọ́n yan èèyàn ju bó ti yẹ lọ, wọ́n kọ ohun tó lè tú àṣírí olùdìbò, tàbí àmì rẹ̀ kò yé ni. Ó yẹ kí ìdìbò káńsù tiwa náà ní irú rẹ̀.

Àléébù kan ṣoṣo tó dùn wá: kò sí èsì yúnìtì kọ̀ọ̀kan bíi ti fọ́ọ̀mù EC8A tí INEC fi ń kọ èsì yúnìtì ìdìbò. Wọ́n máa ń da bébà àpótí kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn kí wọ́n tó kà á, torí náà orí wọ́ọ̀dù ni èsì ń parí sí.