Màlúù tí kò ní iké: ohun tí ojú mi rí lórí páálí ẹran ọ̀sìn rélùwéè orí tábìlì

Bí mo ṣe ṣí páálí yìí ni mo dì í padà, mo wọkọ̀ láti Ọ̀ffà, ó di Ìlọrin. Màlúù ike kéékèèké mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, dúdú òun funfun, ẹ̀yìn wọn tẹ́jú bíi pátákó. Kò sí iké lára ẹyọ kan. Màlúù oníwàrà ilẹ̀ Yúróòpù ni. Ta ló rí irú rẹ̀ rí tó ń jẹko lẹ́bàá ojú irin Ọ̀ffà?

Ìdí tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé àwòṣe kékeré ojú irin ìlú wa ni mò ń kọ́ sórí tábìlì, èyí tó dé Ìlọrin ní 1908. Ojú irin wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ ní ìbú, ó dín sí ti òyìnbó. Tí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 87, bí irú àwòṣe yìí ṣe kéré sí ohun gidi, á kù bíi mìlímítà 12, irin yẹn gan-an ni mo fara balẹ̀ wá kiri.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ò gbójú sókè nínú fóònù rẹ̀. "Àlàájì, ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà." Ọ̀rọ̀ náà gbóná lára mi. Mo ní kó kọ́kọ́ wo ohun tó tà fún mi ná. Kò wò ó.

Ọmọbìnrin tó ń bá a tajà ló mú màlúù kan, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Bàbá, ti àwọn Fúlàní lẹ fẹ́, àbí? Ẹ̀yìn gáà ni ilé wa, sà." Ó mú gọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń pò pọ̀ kó tó le, ó bù ú bí orí ìṣáná. Mo ní kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ẹ̀yìn. "Rárá, sà. Orí èjìká ni iké ń wà." Òótọ́ ló sọ. Ó tú wáyà ṣájà tó ti bàjẹ́, ó fi bàbà inú rẹ̀ ṣe ìwo, ó tẹ̀ ẹ́ sókè. Ó kun ara màlúù náà ní funfun, ó wá fi ọ̀dà dúdú tọ́ etí, imú àti àyíká ojú. Wákàtí mẹ́ta la fi ṣe mẹ́rin. Kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé iná wá tàn sí wa.

Ike tí wọ́n fi ṣe àwọn màlúù náà dára o, a lu ihò ìwo sí i, kò sán. Àmọ́ ọgbà pátákó funfun tó bá a wá, ọgbà ẹṣin olówó ni. Mi ò lò ó. Ìgbálẹ̀ ni mo gé ní mìlímítà 14 ṣe òpó, tí mo fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe wáyà ẹlẹ́gùn-ún, mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àwọn kan wọ́. Mo fi fóòmù tí mo pa láró ṣe bòtújẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí òun ni wọ́n ń gbìn yí oko ká lọ́dọ̀ wa, màlúù kì í sì í jẹ ẹ́. Àgùntàn inú páálí nírun bí òwú, ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ewúrẹ́, ẹyọ kan kò sí!

Máàkì méjì nínú márùn-ún ni mo fún páálí yìí. Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń lọ ra páálí kejì, torí màlúù mẹ́wàá ò tíì di agbo. Ọmọ náà ní òun ti tọ́jú gọ́ọ̀mù dè mí.